Awò Tí Bàbá Mi Fi Wo Oṣù

Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nírọ̀lẹ́ kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn náà níbikíbi, ìbáà jẹ́ nínú ọjà Ìkòròdú, ojú mi á lọ sí ọ̀run lápá ìwọ̀-oòrùn, ọrùn mi á sì gùn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti rí mi bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n bi mí pé kí ni mò ń wò, mo ní kò sí. Ṣùgbọ́n ó wà. Oṣù ni mò ń wò, oṣù tuntun, nítorí ilé tí wọ́n ti ń wo oṣù ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Aránṣọ ni bàbá mi. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti ń jẹun, kò joyè kankan ní mọ́ṣáláṣí, kò sì wá a. Àmọ́ bí oṣù tó ṣáájú oṣù ààwẹ̀ bá ti di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, tí àwọn ará àdúgbò wa bá kí ìrun Àsárì tán tí wọ́n kó jọ sétí ọ̀sà, ojú bàbá mi ni gbogbo wọn máa ń wò ju ojú ọ̀run lọ. Oṣù ọjọ́ kìíní kì í pẹ́ lókè. Bí oòrùn bá ti wọ̀, kò ní pẹ́ tí òun náà á fi tẹ̀ lé e, ó sì máa ń tínrín débi pé ẹni tí kò bá mọ ibi tó yẹ kóun wò á kàn máa wo sánmà lásán. Bàbá mi á fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá yá, á ní, "Òun nìyẹn," jẹ́jẹ́ bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà. Igbe á wá ta: "Oṣù ti lé o! Oṣù ti lé!" Àwọn ìyá wa á sáré lọ rẹ ẹ̀wà sómi nítorí sààrì. Èmi tí mo wà ní kékeré nígbà náà, mo gbà tọkàntọkàn pé bàbá mi ló ń mú oṣù jáde. Mo tilẹ̀ fi yangàn sí ọmọ ilé kejì tí bàbá tirẹ̀ ń wa ọkọ̀ ojú omi. Mo ní ohun tí bàbá tiẹ̀ mọ̀ kò ju ọkọ̀ lọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti oṣù.

Ìgbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo ti kúrò lọ́mọdé. Mo ti lọ́kọ, a sì ń gbé yàrá méjì tí a háyà ní Ìkòròdú, nínú ilé kan tó jẹ́ pé àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló kún inú rẹ̀. Ọkọ mi náà, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rí. Nǹkan tó ń dá a sílẹ̀ ni bó ṣe máa ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń dé, n kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó ní bàbá mi ń fi èjìká gbá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, pé bí wọ́n bá gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á máa bèèrè omi. A gbé e lọ sílé ìwòsàn ojú. Dókítà ní ìfúnpá inú ojú ló ti ba iṣan ojú jẹ́: ojú kan ti lọ, ìkejì ń lọ. Oògùn tí a ó máa kán sí i kò lè dá èyí tó ti lọ padà, àfi kó fà á sẹ́yìn díẹ̀. A bi bàbá mi bí ó ṣe ń ríran. Ó ní bí ìgbà tí èèyàn bá ń yọjú wo yàrá láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni. Ohun tó wà níwájú gan-an mọ́ kedere, ó ṣì lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣókùnkùn.

Lọ́dún yẹn, ó bá wọn lọ sétí ọ̀sà bí ó ti máa ń ṣe. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó ṣíji bo ojú, ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀, ó ń wá. Sánmà fẹ̀, ihò kọ́kọ́rọ́ kékeré. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kígbe pé òun ti rí i, òmíràn kígbe tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tí gbogbo ẹ̀bá omi fi ń dún. Lèmọ́ọ̀mù, ẹni tí bàbá mi fi ọdún díẹ̀ jù lọ, wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i?" Ì bá rọrùn fún un kó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni ì bá mọ̀? Bàbá mi ní, "Mi ò rí i." Ó sì bá wọn gba ààwẹ̀, nítorí ẹ̀rí àwọn tó rí i ti tó.

Lọ́jọ́ kan nínú ààwẹ̀ náà ni mo lọ kí i. Bí ó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹnu Ìjẹ̀bú ni, mo kàn ń tú u sí èyí tí gbogbo wa gbọ́ ni. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò bẹ Ọlọ́run pé kó dá ojú mi padà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ rí i sí i, kí ilẹ̀kùn yìí tó tì." Mo sunkún láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, obìnrin tí a jọ jókòó nínú ọkọ̀ rò pé wọ́n túfọ̀ fún mi ni, ó sì ń bá mi kẹ́dùn títí a fi sọ̀.

Bí mo ṣe pinnu láti ra awò nìyẹn, awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ọkọ mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Òṣùpá tí ewúrẹ́ ń rí lọ́fẹ̀ẹ́ ni o fẹ́ ra awò nítorí rẹ̀?" Nínú bọ́ọ̀sì, lálọ lábọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù kàwé nípa awò. Mo kọ́ pé ọ̀tọ̀ ni olójú méjì tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, ọ̀tọ̀ ni olójú kan tí wọ́n ń gbé lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó jẹ́ pé òun ni bàbá gbogbo wọn bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọ̀nà jíjìn. Mo kọ́ pé gíláàsì inú rẹ̀ ni èèyàn ń sanwó fún, pé èyí tó dára gan-an kì í jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ nǹkan ní àwọ̀ tí Ọlọ́run kò dá mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí mo fi di ọ̀mọ̀ràn. Mo ń la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ níbi iṣẹ́, àwọn tí kò bi mí léèrè. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo kà, bí awò ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ ló gbà mí lọ́kàn jù. Irú wa nìyẹn. Bí a bá fẹ́ ra fáànù, èyí tó lè fẹ́ aṣọ kúrò lára la máa ń bèèrè.

Ọ̀gá kan wà ní Ìkòròdú nígbà náà tó ń ta irinṣẹ́ fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ó ní awò olójú kan oríṣiríṣi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní àwọn tó ń ṣọ́ oko ńlá lápá Imota ló ń rà wọ́n, àti àwọn tó ń wo ẹyẹ kiri. Ẹnu ọ̀gá náà dùn. Kò sí èyí tí kì í ṣe ọ̀ríjínà nínú ọjà rẹ̀. Mo ní mi ò ní ra awò tí mi ò tíì fi wo nǹkan, òun náà ní òun kò ní jẹ́ kí ọjà òun jáde kí òun má tẹ̀ lé e. Ní ìgboro Ìkòròdú, ibikíbi tí o bá kọjú sí, ògiri ni. A bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀dẹ́ létí ọ̀sà, ó gbé awò méjì sórí ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ìbejì, ó sì ń kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kó rọra.

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Lápá ibi tí ilẹ̀ ti ṣẹ́rí padà lọ́hùn-ún, tí ojú lásán kò rí ju ìlà dúdú kan tó ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀run, mo rí ilé. Mo rí aṣọ tí wọ́n sá. Mo rí ọkùnrin kan tó jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀, tó ń tún àwọ̀n ṣe, ó sì fi eyín já okùn. Ó bojú wẹ̀yìn, ó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dún. Gbogbo ara mi ta gìrì. Mo yọ ojú kúrò: omi lásán. Mo tún fi ojú sí i: ọkùnrin náà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣe mí bí ẹni wọ ilé onílé láìkan ilẹ̀kùn. Kí n tó mọ̀, mo ti ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ọ̀gá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi nínú ẹ̀rín. Ó ní, "Màdáámù, kò gbọ́ yín o. Ojú ló lọ, etí kò tẹ̀ lé e."

Nínú awò méjì náà, ọ̀kan gùn gbọọrọ, ojú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ sì wà lórí ìlà kan. Òun ló ń fa nǹkan súnmọ́ jù. Èkejì fẹ̀ lẹ́nu, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sókè, agbára rẹ̀ kò sì tó ti èkíní. Mi ò wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú èyí tó fi eyín ọkùnrin yẹn hàn mí.

Nígbà tí bàbá mi wá sí Ìkòròdú láti lọ rí dókítà, mo gbé awò jáde síta ilé, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí òpó iná kan tó jìnnà, mo pè é. Ará ilé yọjú tán, ọkọ mi náà dúró. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú sí i. Ó ní, "Ó ṣú." Mo tún un ṣe. Ó ní, "Ó tàn díẹ̀, ó tún ṣú." Mo gbé àga fún un, àga náà kúrú jù, mo gbé òmíràn, ìyẹn ga jù. Èmi tí mo fi ojú méjèèjì ríran, ojú mi tètè máa ń bá ihò kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Tirẹ̀ kò bá a. Bí orí rẹ̀ bá mì díẹ̀ báyìí, òkùnkùn ti dé. Ó ṣe wàhálà títí, lẹ́yìn náà ó nà ró, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Awò rẹ dára, ọmọ mi. O ṣeun." Ì bá sàn kó bú mi.

Ọkọ mi ló sọ ọ̀rọ̀ tó lórí nínú gbogbo wa. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ wo oṣù ni? Aṣọ tí wọn kò fi wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́, ṣé o retí kó bá a mu?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ bàbá mi nínú gẹ́gẹ́ bí aránṣọ, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa kó sọ́nà Ìjẹ̀dẹ́: bàbá mi, ọkọ mi, èmi, àti ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí mo bẹ̀ títí kó tó gbà pé òun á bá wa ṣe pààrọ̀.

Ọ̀gá náà fẹ́ fi abúlé ọ̀hún han bàbá mi. Bàbá mi ní rárá. Ó mú ìdì òwú funfun kan jáde lápò, irú èyí tó fi ń ránṣọ, ó ní kí ọkọ mi lọ ta á láàárín igi méjì tí àwọn apẹja rì mọ́ ẹ̀bá omi, lọ́nà jíjìn. Ó ní, "Oṣù tuntun kì í tóbi. Ó máa ń tínrín, ó sì máa ń fẹ́ bá sánmà dọ́gba láwọ̀. Bí mo bá rí òwú yìí, mo lè rí i." Ọkọ mi tó ti bọ́ bàtà bọ́ sínú ẹrẹ̀ ń kígbe pé Ìwé Mímọ́ òun kò sọ fún òun pé òun máa ṣe èyí. Bàbá mi jókòó. Ó tún kọ́kọ́ wo èyí tó gùn gbọọrọ: ó ṣú. Ó wá yí sí ọlọ́rùn títẹ̀. Kò ní láti na ọrùn, kò ní láti bẹ̀rẹ̀. Ó kàn tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni ń wo ojú abẹ́rẹ́. Mo ń yí i fún un díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ́. Lójijì ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró.

Ó ní, "Wọ́n ti ta á ní kókó lápá ọ̀tún."

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fi ojú tirẹ̀ sí i. Lóòótọ́, kókó wà lápá ọ̀tún. Síbẹ̀ kò dákẹ́, nítorí oníṣòwò ni. Ó ní, "Alájì, ìyẹn kò fa nǹkan súnmọ́ tó tàkọ́kọ́ o. Tàkọ́kọ́ yẹn, ó lè fa òṣùpá wọ yàrá yín."

Bàbá mi ní, "Mi ò fẹ́ kó fà á wá sílé. Ibi tó wà ni mo fẹ́ rí i sí." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo ti kàwé tó pọ̀ nípa awò nínú bọ́ọ̀sì, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú èyíkéyìí.

Nígbà tí ọdún yí po, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀ pé. Èmi àti ọkọ mi gbé àga bàbá mi sétí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, mo gbé awò kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Èèyàn pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ìròyìn awò ti lọ kálẹ̀. Bàbá kan nínú àwọn àgbà ń kùn pé ojú ni wọ́n ní kí Mùsùlùmí fi wo oṣù, kì í ṣe ẹ̀rọ. Lèmọ́ọ̀mù bojú wò ó. Ó ní, "Bàbá, awò tí ẹ wọ̀ sójú yẹn ńkọ́, ṣé ká gbà á ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé kí awò wá a, kí ojú rí i, kí ẹni tó bá rí i sì jẹ́rìí sí ohun tó rí. Àwọn kan ṣì ń ráhùn. Oṣù lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe.

Eruku ọyẹ́ kò tíì tán lójú ọ̀run, èéfín àwọn tó ń sun oko sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Mo dúró kí oòrùn wọ̀ tán pátápátá, nítorí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ti fi ẹ̀mí rẹ̀ búra fún mi pé ẹni bá fi awò wo oòrùn ti fi ojú ṣeré. Nígbà tó wọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá, láti òsì sí ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀. Sánmà aláwọ̀ osùn ni mo ń rí, osùn, osùn, osùn. Mo kọjá ibì kan, ọkàn mi ní kí n padà. Mo padà.

Ó wà níbẹ̀. Bí irun funfun kan ṣoṣo tó já bọ́ sórí aṣọ, ó tẹ̀ díẹ̀, ó dákẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti gbọ́ "Oṣù ti lé" láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyí nígbà tó bá jẹ́ ẹnì kan péré ló tíì rí i. Nínú gbogbo ogunlọ́gọ̀ yẹn, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ààwẹ̀ ti dé. Ohun ńlá bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ilé, gbogbo ìkòkò, gbogbo oorun ayé Mùsùlùmí ń dúró dè, kò nípọn tó òwú bàbá mi.

Mo ní, "Bàbá mi, ẹ wò ó. Ó ti lé."

Igbe ta. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé orúnkún láti tẹ̀ síwájú. Bí ó ṣe fẹ́ fi ojú sí i ni àwọn bàbá mẹ́ta tó jù ú lọ dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó gbọ́ ohùn wọn. Ó fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wò ó."

Ayé mi dàrú. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí òun náà ṣe tọ́ wa nìyẹn: bí àgbà bá wà níbi oúnjẹ, ọmọdé kì í kọ́kọ́ bu òkèlè. Bàbá kìíní wò ó, ó ní "Sùbúhánálláàhì!" ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọdún kan tí wọ́n kò rí oṣù. Bàbá kejì yí ibi tí mo ti tún ṣe, ó ní kò mọ́, mo tún un ṣe fún un. Bàbá kẹta gba ibẹ̀, ó yọ fìlà, ó wò títí, ó ní kí wọ́n pe àbúrò òun kó wá wò. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn olóyè mọ́ṣáláṣí ti tò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dàgbà jura wọn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ojú lásán rí i níbi tí awò kọ ẹnu sí, wọ́n ń fò sókè. Oṣù ń lọ sílẹ̀. Bàbá mi jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ayọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Apá agbádá ẹnì kan gbá awò, ẹnu rẹ̀ kọ sínú omi. Mi ò lè ti àgbà. Mo yíjú wo ọkọ mi, omi ti dé ojú mi.

Ọkùnrin tó ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, ẹni tí oṣù ààwẹ̀ kò kàn, gba àárín wọn kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn tó tutù, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, àna yín ni mí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí bàbá ìyàwó mi wò ó." Kò dìde. Ó fi àgbọ̀n lélẹ̀.

Àna kì í dọ̀bálẹ̀ fún ará ilé ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n máa wò ó níran. Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn ló kọ́kọ́ sún sẹ́yìn. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi, dìde. Ẹ yà fún un." Ó wá kọjú sí bàbá mi. "Ìwọ náà, wá wò ó. Àwa tí a jù ọ́ lọ la pàṣẹ fún ọ."

Mo yára padà sídìí awò. Oṣù kò sí níbi tí mo fi í sí mọ́, ó ti sọ̀kalẹ̀ sínú èéfín. Mo wá a, mi ò rí i. Mo sinmi, mo mí, mo tún wá a. Ó wà níbẹ̀, ó ti pupa díẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ wọ èéfín. Mo kúrò níbẹ̀ fún un. Bàbá mi tẹ orí ba.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé ó di ọwọ́ mi mú lára irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, ó sì mú un le bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Ètè rẹ̀ ń ṣe àdúà tí a máa ń ṣe bí a bá rí oṣù. Kò gbé orí sókè títí oṣù fi wọ̀ tán, kódà lẹ́yìn tó wọ̀, ó ṣì fi ojú síbẹ̀. Lèmọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú yín rí i, àbí awò ló rí i?"

Bàbá mi gbé orí sókè. Ó ní, "Awò ló wá a. Ojú mi ló rí i." Lèmọ́ọ̀mù gbà á lẹ́rìí, bí mo sì ṣe wo ojú àwọn àgbà yẹn, ẹni tó ń kùn tẹ́lẹ̀ ló ń sunkún jù.

Ilẹ̀kùn náà ti tì báyìí. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà tí ojú kejì fi tẹ̀ lé èkíní. A ti kúrò ní yàrá méjì yẹn, ọmọ ti wọlé, awò sì ti di ti gbogbo àdúgbò bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́; àwọn kan ń bọ̀ láti Ìkòròdú nítorí rẹ̀. Nígbà míràn mo máa ń rò ó pé gbogbo làálàá yẹn, ìwé tí mo kà, ìrìn Ìjẹ̀dẹ́, ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n rà fún bàbá mi. Mi ò sì mọ ohun mìíràn tí mo rà láyé mi tí mo jèrè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ bàbá mi kì í jẹ́ kí a lọ wo oṣù láìmú òun lọ. Lọ́dún tó kọjá, a gbé e jókòó sétí ọ̀sà, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, àwọn èèyàn ń pariwo pé ó ti lé, ó ti lé. Ó na ọwọ́ sókè, ó fi ìka tọ́ka sójú ọ̀run. Ìka náà kò jìnnà síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti tirẹ̀, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo rọra sún ìka rẹ̀ sápá òsì, díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, títí tó fi wà lórí oṣù gan-an. Mo ní, "Ibẹ̀ nìyẹn, Bàbá mi." Ó fi ìka síbẹ̀, kò mì, títí oṣù fi wọ̀.